Ìlà Búlúù Lórí Nọ́ọ̀tì Wáyà Ládélé

Bùrọ̀dá Yaqub! Bùrọ̀dá Yaqub, ẹ pa jẹnẹrétọ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á, ẹ bọ́ gíláàsì ojú yẹn kẹ́ ẹ wò mí dáadáa, nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí mi láàárọ̀ yìí, mi ò rí irú ẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti bí mi, àwọn lándíládì àdúgbò wa ní Mowe ti mú kí Dádì mi dọ̀bálẹ̀! Dádì mi o! Ọ̀gá tó kọ́ yín níṣẹ́! Gbalaja, nínú ẹrẹ̀, lẹ́bàá odò, pẹ̀lú jàlàbíà funfun tí wọ́n fi ń lọ kí Jímọ̀, níwájú àwọn tí wọ́n bá ṣe géètì, tí wọ́n bá ṣe wíńdò, níwájú ọmọ kéékèèké, èmi náà dúró síbẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì lè ṣe nǹkan kan!

Rárá, mi ò mu omi. Ẹ gbé omi yẹn kalẹ̀. Ọkọ̀ méjì ni mo wọ̀ kí n tó dé Ifo níbí, mo sunkún débi pé ìyá tó jókòó tì mí rò pé èèyàn mi ló kú, ó ní Ọlọ́run á tù mí nínú, ó ní mo kú ọ̀fọ̀, mo ní àmín, ẹ ṣé mà. Kí ni kí n sọ fún un? Pé wáyà ló já? Pé bíríìjì ni mo ń sunkún ẹ̀?

Bíríìjì wa, Bùrọ̀dá. Èyí tẹ́ ẹ di irin ẹ̀ mú tí Dádì ń jó o. Wáyà kan já lára ẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó sì... Ẹn? Ẹ ti gbọ́? Ta ló sọ fún yín? Okéè. Ẹ ti gbọ́ láti Ọjọ́bọ̀, òní Sátidé, ẹ ò pe Dádì, ẹ ò fi mẹ́sééjì kan ránṣẹ́, "ẹ kú ewu" lásán, ẹ ò sọ ọ́. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n jókòó ná.

Ṣé ẹ mọ nǹkan tí wọ́n sọ sí Dádì? Ọmọlabí, Alága àwọn lándíládì, dìde nínú mítíìnì tí wọ́n ṣe lẹ́bàá odò láàárọ̀ yìí, ó ní ẹ̀bi àwọn lándíládì fúnra wọn ni, ó ní ta ló ní káwọn gbé iṣẹ́ bíríìjì fún wẹ́dà tó ń gbé yàrá kan, ẹni tó ti Ìwó wá, tí ò ní ilé, tí ò ní ilẹ̀, ó ní Afọlábí jó irin bí ẹni ń sun àgbàdo. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín! Ẹ̀rín, Bùrọ̀dá! Dádì mi tó jẹ́ pé kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti bá wọn ṣe bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀ l'Ékòó! Bíríìjì tiwa yìí pé ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ ilé ìwé ń gbà á lójoojúmọ́, èékánná ẹnì kan ò ya lórí ẹ̀ rí!

Mo fẹ́ pariwo mọ́ wọn. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé ẹ̀yin náà ẹ rántí o, ẹ rántí afárá onígi tẹ́ ẹ ṣe lẹ́ẹ̀mẹta tí odò gbé lọ lẹ́ẹ̀mẹta, torí gbogbo ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá rì sínú omi yẹn, tí òjò bá ti rọ̀, ó ti lọ nìyẹn. Dádì ló sọ pé a ò ní rì nǹkan kan sínú omi. Wọ́n ní òpó gíga kan ṣoṣo, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ní bèbè tiwa, ká wá fi wáyà so ojú ọ̀nà rọ̀ láti orí òpó yẹn, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, ká sì tún fa wáyà méjì sẹ́yìn lọ sínú kọnkéré tá a rì mọ́lẹ̀, kí òpó má baà tẹrí ba sínú odò. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin lẹ po kọnkéré yẹn! Wọ́n ní wáyà mẹ́jọ ló gbọ́dọ̀ pín ẹrù náà gbé, pé tí ọ̀kan bá fẹ́ ṣe akínkanjú, òun ló máa kọ́kọ́ já. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Gbogbo Sátidé, wọ́n á mú sípánà, wọ́n á fi gbá wáyà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tẹ́tí sí bó ṣe ń dún. Èmi kékeré, màá máa tẹ̀ lé wọn kiri. Mo mọ ohùn gbogbo wọn.

Ibi tá a ti bà á jẹ́ ni ti orúkọ yẹn. Ilé mẹ́jọ ló ra wáyà mẹ́jọ, wọ́n wá kọ orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan sí irin pẹlẹbẹ, wọ́n kàn án mọ́ ìdí wáyà. Wáyà Ọmọlabí, wáyà Ọ̀ṣuntóyìn, wáyà Ògúnkànmí, wáyà Ládélé. Ẹ rántí bí àdúgbò ṣe gba wèrè? Èèyàn á ní pàdé mi lábẹ́ wáyà Ọ̀ṣuntóyìn. Ìyàwó Ògúnkànmí á jáde láàárọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ àti kànrìnkàn, á máa fọ wáyà ilé wọn bí ẹni ń fọ mọ́tò, tó bá dé orí ti ilé kejì, á dá ọwọ́ dúró! Wáyà ò wá jẹ́ wáyà mọ́, ó ti di ojú ilé wọn.

Èmi náà sì ni mo dáná sí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, ẹ má dá mi lẹ́kun, ara mi ni mo ń bú. Ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé mi ò kì í sinmi lórí fóònù, ìtàn ni, àwàdà ni, gbogbo nǹkan ni mo máa ń gbé síta. Wáyà Ládélé ló gùn jù lápá òsì, òun ló lọ dé ìpẹ̀kun níbi ilé ìwé, wáyà tó bá sì gùn tó bẹ́ẹ̀, á tẹ̀ díẹ̀ láàárín, ara ẹ̀ wúwo, kò sí ohun tó ṣe é! Ti Alága lápá ọ̀tún náà tẹ̀, bákan náà gẹ́lẹ́, ẹ̀rù Alága ló bà mí tí mi ò ya tiẹ̀. Mo ya ti Ládélé. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Wáyà méje ń ṣiṣẹ́, wáyà Ládélé ń sùn." Mo fi àwòrán ojú oorun sí i. Mo gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì mi, mo lọ wẹ̀.

Ọmọ, kí n tó wẹ̀ tán, ó ti dé gbogbo ilé! Àwọn ọmọdé ń kọ ọ́ lórin. Díákónì Ládélé ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń bi í pé, "Dádì, ṣé wáyà yín ti jí?" Ìyàwó ẹ̀ ò lè ra ata lọ́wọ́ aláta mọ́, wọ́n á ní, "Màmá Olóorun, ẹ káàbọ̀." Ló bá wá bá Dádì ní ṣọ́ọ̀bù, inú ń bí i, ó ní kí wọ́n wá fa wáyà òun kó le dáadáa. Dádì ní, "Díákónì, bó ṣe rí yẹn ló yẹ kó rí, tí mo bá fà á kọjá bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹrù á bọ́ sórí ẹ̀." Ó bínú lọ. Dádì sì kọjú sí mi, wọ́n ní, "Qudrah, ṣé o rí nǹkan tó o ṣe?" Mo yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀. Ó ti pẹ́ jù.

Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n fi ti ọ̀dà kún un, torí wọn ò fẹ́ gbọ́ ti ọ̀dà rárá níbi mítíìnì. Ẹ rántí ihò kékeré tí Dádì lu sí ìdí páìpù kọ̀ọ̀kan, níbi tí wáyà ti wọ bóòtì, kí omi òjò lè máa jò jáde? Alága ní àlejò pàtàkì ń bọ̀, wọ́n kó akunlé wá, wọ́n kùn ún ní funfun láti òkè délẹ̀, gbogbo ihò yẹn ni wọ́n fi ọ̀dà dí pa! Omi jókòó sínú páìpù, wáyà ń dípẹtà níbi tójú ò tó, bíríìjì ń dán lójú gbogbo ayé, ó ń jẹra nínú. Dádì lọ bá wọn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kó má ba àwòrán bíríìjì jẹ́. Dádì ní àwọn fúnra àwọn máa lọ la ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan táwọn bá ti Ìwó dé, torí wọ́n fẹ́ lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n wọn. Ọjọ́ méjìlá ni wọ́n lò.

Láàárín ọjọ́ méjìlá yẹn, ojú ọ̀nà bíríìjì gbé èjìká kan sókè. Èmi rí i o! Bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé bọ́ sílẹ̀ lórí ẹ̀, ó ń yí lọ sápá ọ̀tún fúnra ẹ̀. Wáyà Ògúnkànmí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ládélé wá rọ̀ jọwọrọ, téèyàn bá fọwọ́ tì í, á mì. Wáyà Ládélé wá le gbagidi. Mo fi kọ́kọ́rọ́ gbá a, ó han gooro létí mi bí nǹkan tó fẹ́ sunkún. Mo ní ẹ̀n-ẹn, tí Dádì bá dé, màá sọ fún wọn. Wọ́n dé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ó ti rẹ̀ wọ́n, mo ní jẹ́ kí wọ́n sùn ná. Ìyẹn náà wà lọ́rùn mi.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ó já. Kò ju aago méje àbọ̀ lọ. Ó dún gbàù, gbogbo wa sáré jáde, ó já níbi páìpù, níbi tí omi ti jókòó sí, wáyà náà fò sókè, ó ń na afẹ́fẹ́ bí pàṣán, ojú ọ̀nà fì sápá òsì. Màmá Ọmọ́níkẹ́ tó ń gbé ìrẹsì ọ̀fàdà lọ sí òdìkejì di irin ẹ̀gbẹ́ mú, gbogbo ìrẹsì dà sómi. Ẹnì kan ò kú, alhamdulilahi. Ṣùgbọ́n Sàúdátù, télọ̀ ẹ̀gbẹ́ wa, tóun náà wà lórí ẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ṣẹ́. Ọwọ́ tó fi ń gé aṣọ. Dádì sáré wá láìwọ bàtà, wọ́n na apá méjèèjì sí ẹnu bíríìjì, àwọn ọmọ ilé ìwé ń bọ̀, wọ́n ń pariwo, "Ẹ padà! Ẹ padà!" Ẹnì kan ò rántí ìyẹn nínú mítíìnì. Ẹnì kan!

Nǹkan tí wọ́n rántí ni pé lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti bọ́ sílẹ̀ tán, Dádì lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n padà wá, wọ́n sì gun bíríìjì tó ti fì yẹn lọ sí ìdí wáyà tó já, kí ìgbìmọ̀ àwọn lándíládì tó dé láti yẹ̀ ẹ́ wò. Alága bi wọ́n, "Afọlábí, kí lo gun ibẹ̀ lọ ṣe? Kí lo lọ fi pamọ́?" Ó bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n kàn ń wo ilẹ̀. Gbogbo èèyàn ní, "Ẹ rí i? Ẹ rí i?" Ẹ ò mọ bó ṣe rí kí wọ́n máa wo Dádì ẹni bí olè, kí Dádì ẹni sì máa ṣe bí olè fún wọn!

Ẹ wá gbọ́ èyí tó pa mí. Díákónì Ládélé dìde! Díákónì Ládélé, ó gbé Bíbélì dání, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká dárí jì í. Èèyàn kì í mọ̀ ọ́n ṣe tán. Kó ṣáà bẹ̀bẹ̀, kó gbà pé iṣẹ́ òun ò dáa, a ò ní pe ọlọ́pàá." Ó dárí jì wọ́n, Bùrọ̀dá! Òun! Wọ́n wá yọ ìwé kan jáde, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀, pé Afọlábí gbà pé àṣìṣe òun ló wó bíríìjì, pé òun ò ní jó irin kankan mọ́ ní àdúgbò yẹn. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá, ni wọ́n ní kí Dádì wá buwọ́ lù ú. Tí wọ́n bá ti buwọ́ lù ú, ta ló máa gbé ìkòkò tó jò pàápàá fún wọn? Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n tí wọ́n fẹ́ lọ bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn? Dádì bá dọ̀bálẹ̀. Mo gbé fóònù sókè, mo ní, "Ẹ dúró, mo ní nǹkan tí mo fẹ́ fi hàn yín!" Dádì gbójú sókè láti inú ẹrẹ̀ yẹn, wọ́n ní, "Qudrah. Fi fóònù yẹn sápò." Mo fi sápò.

Bùrọ̀dá Yaqub, géètì ta nìyẹn?

Rárá, èyí tẹ́ ẹ dúró sí iwájú ẹ̀ látìgbà tí mo ti wọlé. Ẹ sún díẹ̀. Ẹ sún. Ó rẹwà o. Orí kìnnìún méjì. L ńlá wà láàárín ẹ̀. L kí ni? Láwálì? Látífù? Ẹ wo ojú mi. Ẹ ń fi ọwọ́ nu ọwọ́, iná ti kú, kò sí iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ wo ojú mi!

Mo ti mọ̀ kí n tó wọ ọkọ̀. Ẹ wo fọ́tò yìí, èyí tí mo ya láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Wáyà ti já, àmọ́ bóòtì ẹ̀ ṣì wà nínú irin, nọ́ọ̀tì ẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀. Ẹ wo bí bóòtì ṣe yọ jáde gbọọrọ nísàlẹ̀, ìka méjì ni Dádì fi sílẹ̀ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ó ti tó àtẹ́lẹwọ́ báyìí! Wọ́n ti yí nọ́ọ̀tì yẹn gan-an. Sípánà méjì péré ló wọ nọ́ọ̀tì yẹn, ọ̀kan wà lọ́wọ́ Dádì, èkejì ni wọ́n fi lé yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ frídọ̀mù yín, tá a jẹ ìrẹsì, tí ìyá yín ń jó.

Ẹ má tíì sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé èèyàn lè yá sípánà. Ẹ jẹ́ kí n fà á súnmọ́ yín. Kí lẹ rí níbẹ̀ yẹn? Ìlà. Kí ni Dádì kọ́ gbogbo ọmọ iṣẹ́ wọn? Tó o bá ti de nọ́ọ̀tì tán, fi ọ̀dà fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin, kó o lè mọ̀ lọ́jọ́ tó bá yí, ẹni tí ò bá fa ìlà, kò tíì ṣiṣẹ́ tán. Pupa ni ti Dádì. Lọ́jọ́ frídọ̀mù, ọmọ iṣẹ́ á mú àwọ̀ tiẹ̀. Nọ́ọ̀tì méje tó kù lórí bíríìjì yẹn, ọ̀dà funfun àwọn akunlé ò dé ibẹ̀, pupa ni ìlà gbogbo wọn. Búlúù ni eléyìí.

Ẹ̀yin lẹ mú búlúù.

Haà, Bùrọ̀dá Yaqub! Ẹ yọ́ wá, ẹ ṣe nǹkan tí ọ̀gá yín ní ẹnì kankan ò gbọ́dọ̀ ṣe, ẹ wá fa ìlà sí i! Tẹ́ ẹ bá jẹ́ wẹ́dà játijàti, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láé. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ yín dáa jù. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, wọ́láhì, mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀yìn náà ni mo wá jókòó sílẹ̀.

Ẹ sì mọ̀ pé Dádì ò sí nílé. Èmi ni mo sọ fún yín! Ẹ pè mí, ẹ ní, "Àbúrò mi, Ọ̀gá ńkọ́?" Inú mi dùn pé ẹ pè, mo ní wọ́n lọ sí Ìwó, mo ní wọ́n á pẹ́ díẹ̀. Inú mi dùn! Àwo kan náà la jọ fi ń jẹun. Nígbà tí ibà fẹ́ pa yín, ẹ̀yìn ta lẹ wà dé ọsibítù?

Mi ò wá bá yín jà. Mi ò tíì gbé e síta. Ó wà níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka mi, tí mo bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, kí n tó dé Mowe, Alága á ti rí i, géètì yìí á di ti ẹni tó bá wù ú. Mi ò ní tẹ̀ ẹ́, torí Dádì ti mú mi búra. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Ẹ dìde, ẹ wẹ ọwọ́ yín, ẹ bá mi lọ nísinsìnyí. Kẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ fún wọn pé Díákónì ló fi iṣẹ́ géètì yìí pè yín, pé ẹ̀yin lẹ fa wáyà ẹ̀. Kẹ́ ẹ sọ ọ́ kí Ọjọ́ Ajé tó dé. Èmi náà á dúró tì yín, màá ní èmi ni mo kọ àwàdà yẹn, kí wọ́n na àwa méjèèjì. Abẹ́ẹ̀gì. Mo kúnlẹ̀. Ẹ wò mí, mo kúnlẹ̀ sínú èérún irin yín.

Kí lẹ sọ? Ẹ sọ ọ́ sókè. Ẹ ní Ọ̀gá ò mọ̀? Ẹ ní tí wọ́n bá mọ̀ pé ẹ̀yin ni, wọn ì bá ti sọ níbi mítíìnì, kí ló máa mú wọn dọ̀bálẹ̀?

Bùrọ̀dá Yaqub, èmi ni mo fi fọ́tò yìí hàn wọ́n! Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí ìgbìmọ̀ tó dé! Mo sáré lọ bá wọn, mo ní, "Dádì, ẹ wò ó, ìlà búlúù, Ọlọ́run ti yọ yín!" Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní kí n búra pé mi ò ní gbé e síta. Wọ́n wá lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé gálọ́ọ̀nù tínà tá a fi ń fọ ọ̀dà. Ẹ gba fóònù, ẹ dì í mú, fídíò lèyí. Dádì nìyẹn lórí bíríìjì, gbogbo èèyàn ń pariwo, "Afọlábí, sọ̀kalẹ̀, ó máa wó lé ọ lórí!" Ẹ wò ó, wọ́n ti dé ìdí wáyà Ládélé, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fi ìka tọ ìlà yẹn láti òkè délẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń yẹ iṣẹ́ yín wò bóyá ó tọ́. Wọ́n bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ṣí fìlà orí wọn, wọ́n da tínà sí i, wọ́n sì nu ìlà búlúù yín kúrò.